Kọ́ọ̀sì wo ló yẹ kí n sanwó fún kí n tó lọ ṣe PE Civil: Transportation?

ỌmọKaty

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Katy nítòsí Houston ni mo wà. Nàìjíríà ni mo ti gboyè nínú civil engineering, mo ti yege FE, ìyẹn ìdánwò àkọ́kọ́ tí ẹnjiníà ń ṣe ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tó ń ya àwòrán títì ni mo sì ń bá ṣiṣẹ́. Ó wá ku PE, ìdánwò ìwé àṣẹ ẹnjiníà, Transportation, ẹ̀ka títì àti ìrìn ọkọ̀, ni mo yàn.

Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì ló gbé mi wá. Ọ̀kan wà tí olùkọ́ á máa kọ́ wa ní tààràtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, alẹ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ àti àárọ̀ Sátidé. Owó rẹ̀ ju $1,000 lọ. Ìkejì jẹ́ fídíò tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, oṣooṣù lèèyàn ń san owó rẹ̀. Ìkẹta kò ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan, ìbéèrè àti ojútùú nìkan ló kó jọ. Gbogbo wọn ló ń pariwo pé ìdánilójú wà pé màá yege. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ lóun á dá owó náà padà, àmọ́ ó di ẹ̀yìn ìgbà tí mo bá yege. Ẹnì kan tún fi fáìlì rẹpẹtẹ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìwé àti ìbéèrè 2019 sí 2021 ló kún inú ẹ̀, ó ní kí ni mo tún ń náwó sí.

Èwo ni kí n mú nínú gbogbo èyí? Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó fa káàdì yọ?

BàbáTítì

Àbúrò, má tíì fa káàdì kankan yọ. Nǹkan méjì wà lọ́fẹ̀ẹ́ tó yẹ kó o kọ́kọ́ kó sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìwé tí NCEES, àjọ tó ń ṣe ìdánwò náà, fi to gbogbo ohun tí wọ́n lè bi ọ́ nínú Transportation, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní April 2024. Ìkejì ni PE Civil Reference Handbook, ìwé fọ́múlà tí wàá rí lójú kọ̀ǹpútà nínú ìdánwò. Inú àkáǹtì MyNCEES rẹ ni wàá ti wà á sílẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Déètì April 2024 yẹn nìkan tó láti fi yọ ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì dànù. Kó tó dìgbà náà, 40 nínú ìbéèrè 80 jẹ́ àmúlùmálà: kọ́ńkéré, ilẹ̀, omi, ìkọ́lé, títì. Ní báyìí, ẹ̀ka tó o yàn ni gbogbo 80 dá lé. Kọ́ọ̀sì tó bá ṣì ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe ìṣirò òpó kọ́ńkéré àti omi ìdọ̀tí, fídíò àtijọ́ ni wọ́n lẹ orúkọ tuntun mọ́. Gbé àkóónú kọ́ọ̀sì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé NCEES, kó o sì máa fàlà sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ àti ìṣàn omi ṣì wà níbẹ̀ o, àmọ́ èyí tó kan títì ni: ilẹ̀ abẹ́ ọ̀dà, gọ́tà, kọ́fátì (ojú omi abẹ́ títì).

Ní ti fáìlì WhatsApp, ìgbà tí àwọn èèyàn ń wọ́ àpótí ìwé wọ yàrá ìdánwò ni wọ́n ti kó wọn jọ. January 2022 ni PE Civil bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ìṣirò inú wọn kò kú, vertical curve (ìtẹ̀ títì níbi gèérègè) ti àná náà ni tòní. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọ́n ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé tí wọn ò ní jẹ́ kó o mú wọlé. Tó o bá sì rí ìbéèrè tí wọ́n ní inú yàrá ìdánwò gan-an ló ti jáde, pa á rẹ́ kíákíá. Gbogbo ẹni tó jókòó ṣe PE ló fọwọ́ sí i pé òun ò ní sọ ìbéèrè síta, NCEES sì lè fagi lé èsì ẹni tó bá lọ́wọ́ nínú ẹ̀.

Ó kan ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fúnra ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ló ní fídíò àwòṣe. Má wo bí olùkọ́ náà ṣe ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ ẹ̀ ni kó o máa wò. Wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ stopping sight distance, ìyẹn bí awakọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ríran jìnnà tó kó tó lè dúró. Olùkọ́ tó kàn ń sáré á ní "60 mph, ẹsẹ̀ bàtà 570", á sì kọjá. Òótọ́ ni, 570 ló wà nínú tábìlì Green Book, ìwé ìlànà yíya títì ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ ìbéèrè á ní títì náà ń sọ̀ kalẹ̀ ní 4%. Tábìlì fún 3% ní 598, ó fún 6% ní 638, kò sí 4% níbẹ̀. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á ṣí handbook sójú kọ̀ǹpútà, á tẹ "sight distance" sínú àpótí ìwákiri, á wá fi fọ́múlà ṣe é lójú yín: 1.47 × 60 × 2.5, ìyẹn 220.5, fún ìgbà tí ẹsẹ̀ awakọ̀ kò tíì kan búréèkì, lẹ́yìn náà, 60² tí a pín fún 30 × (11.2/32.2 − 0.04), ìyẹn 390. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 610. Á sì fi ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú hàn yín: wọ́n á fi àmì ìròpọ̀ síwájú 0.04, bíi pé òkè ni ọkọ̀ ń gùn, á sì fún wọn ní 530. Má ṣiyèméjì, 530 á wà lára ìdáhùn tí wọ́n tò síbẹ̀.

Tí olùkọ́ kò bá ṣí handbook lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín wákàtí kan, jáde níbẹ̀. Ìsọníṣókí tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ kò ní bá ọ wọlé.

Ìyá_Ìbejì_PE

Ẹ kú àlàyé, BàbáTítì. Ẹ jẹ́ kí n fi ti owó àti àdéhùn kún un, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rẹ́ni jẹ.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, "ìdánilójú" kò túmọ̀ sí pé wọ́n á dá owó yín padà. Ó túmọ̀ sí pé ẹ lè tún kọ́ọ̀sì náà gbà lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ bá já. Ẹ wá ka àwọn lẹ́tà kéékèèké ìsàlẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ wà ní kíláàsì dé ìwọ̀n kan, ó sì lè tó 85% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò láàárín àsìkò tí wọ́n dá, ẹ gbọ́dọ̀ fi èsì ránṣẹ́ sí wọn kí ọjọ́ tó kọjá. Ẹni tí iṣẹ́ ojú títì ń gbé káàkiri á pàdánù kíláàsì mẹ́ta mẹ́rin, ìdánilójú ti lọ nìyẹn. $400 tí NCEES ń gba kò sì sí nínú ẹ̀ rárá, àpò yín ni ẹ óò ti tún un san.

Iye ìdá tí wọ́n ní ó ń yege lọ́wọ́ àwọn, ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n kà. Àwọn tó pa gbogbo àdéhùn òkè yìí mọ́ nìkan ni àwọn mìíràn máa ń kà, irú wọn ì bá sì yege láìsí kọ́ọ̀sì náà. NCEES fúnra ẹ̀ máa ń gbé ìdá tó yege nínú ìdánwò kọ̀ọ̀kan jáde lórí íkànnì rẹ̀, ó sì ya àwọn tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń tún un ṣe. Ẹ fi tiwọn wé e.

Kíláàsì tààràtà tàbí fídíò? Nǹkan méjì péré ni owó gọbọi yẹn ń rà: àkókò tí ẹlòmíràn là sílẹ̀ fún yín, àti ẹni tí ẹ lè bi ní ìbéèrè. Tẹ́ ẹ bá lè la àkókò sílẹ̀ fúnra yín, fídíò á tó yín. Tí kò bá rọrùn, ẹ san án. Ẹ ṣáà yẹ aago wò. Kíláàsì aago méje alẹ́ lápá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, aago mẹ́fà ni ní Houston, orí I-10 ni èrò Katy ṣì máa wà.

Fídíò oṣooṣù ní ọ̀fìn tiẹ̀. Owó oṣù kan kò tó nǹkan, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fà á dé oṣù karùn-ún, ẹ lè ti náwó tó kíláàsì tààràtà. Ẹ bi wọ́n: ṣé a lè dá a dúró fúngbà díẹ̀? Ọjọ́ tí mo sanwó ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni àbí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé? Èló ni ìsúnsíwájú? Tí mo bá béèrè nǹkan, ta ló ń dáhùn, wákàtí mélòó ló ń gbà á? Ẹ fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí wọn kẹ́ ẹ tó sanwó, ìṣirò gidi ni kó jẹ́, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa padà wá.

Orúkọ ilé iṣẹ́ kò tó gbára lé. School of PE, PPI, ASCE, àwọn yẹn ló wọ́pọ̀ lẹ́nu èèyàn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ yàtọ̀ láti ẹ̀ka sí ẹ̀ka nínú ilé iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó ń kọ́ni ní afárá lè dáńtọ́, kí ẹni tó wà nídìí traffic máa ka slide. Orúkọ olùkọ́ Transportation ni kẹ́ ẹ béèrè.

AkínỌ̀nà

Èmi ò gbà pé gbogbo èèyàn ló nílò kọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń ya àwòrán títì lójoojúmọ́ kò ní sanwó kí wọ́n tún wá kọ́ ọ ní horizontal curve (ìkọ́rọ́ títì).

Ra ìdánwò àwòṣe tí NCEES fúnra ẹ̀ ń tà, owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá owó kíláàsì tààràtà. Mú 40 nínú ìbéèrè ibẹ̀, fi wákàtí mẹ́rin ṣe é, ìṣẹ́jú mẹ́fà mẹ́fà nìyẹn, handbook nìkan ni kó wà lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó o bá ń máàkì, má kàn kọ "mo gbà á" tàbí "mi ò gbà á". Kọ ìdí tó o fi kùnà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: mi ò mọ ọ̀rọ̀ náà rárá, mo mọ̀ ọ́n àmọ́ mi ò rí ibi tó wà, mo rí i àmọ́ ìṣirò tàbí yúnìtì ló dà mí rú. Tí ti àkọ́kọ́ bá pọ̀ jù, kíláàsì ló kàn ọ́. Tó bá jẹ́ ti ìkejì, ra àkójọ ìbéèrè, kó o máa fi handbook ṣe é títí ojú ẹ á fi mọ́ ọ. Ti ìkẹta kò nílò olùkọ́, ìṣirò lójoojúmọ́ ni oògùn ẹ̀.

Ibi tó sábà máa ń gún àwọn ayàwòrán títì lápá ni Highway Capacity Manual (HCM), ìwé tí wọ́n fi ń ṣírò iye ọkọ̀ tí títì lè gbà, torí iṣẹ́ wọn kì í dé ibẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wàá ti mọ kọ́ọ̀sì tó ti gbó. Bi wọ́n pé ọkọ̀ kékeré mélòó ni ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró fún lórí ilẹ̀ títẹ́jú ní freeway (títì ńlá tí kò ní ìkóríta). Tí wọ́n bá ní 1.5, HCM 2010 ni wọ́n ṣì ń kà. Láti ẹ̀dà 2016, 2.0 ni. Kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré: ọkọ̀ 3,600 ní wákàtí kan, ọ̀nà méjì lápá kan, PHF (òǹkà bí ọkọ̀ ṣe ń pọ̀ jù ní apá kan wákàtí) 0.92, akẹ́rù 10%. Ti àtijọ́ á fún ọ ní 2,054 fún ọ̀nà kan, ti tuntun á fún ọ ní 2,152. Ìdáhùn méjèèjì ló lè wà níwájú rẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà yìí náà ní òdìkejì o. Ẹ̀dà tí NCEES bá kọ sínú ìwé rẹ̀ ni wọ́n á fi bi ọ́, kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lágbàáyé. MUTCD, ìwé ìlànà àmì ojú títì, ẹ̀dà kọkànlá jáde ní December 2023, àmọ́ ìwé NCEES ni kó o wò kó o tó mọ èyí tó o máa kà.

ỌmọKaty

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ohun kan ṣì ń kọ mí lóminú. Mítà ni wọ́n fi kọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi iṣẹ́, kọ̀ǹpútà ló ń bá mi yí i padà. Ṣé kọ́ọ̀sì wà tó ń tún èyí ṣe ni, àbí èmi ni kí n tún un ṣe fúnra mi?

Jagun_Dallas

Fúnra yín ni o. Kọ́ọ̀sì kankan kò ní dá dúró torí ìyẹn, ohun tó gbà pé gbogbo yín ti mọ̀ ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí station, bí wọ́n ṣe ń sàmì ibi tí nǹkan wà lójú títì; chainage là ń pè é nílé. Chainage 1+250 nílé, mítà 1,250 ni. Níhìn-ín, ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà ni station kan, 12+50 ló sì ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,250. Ẹni tí ojú ẹ̀ kò bá tíì mọ́ ọn á rí PVC (ibi tí vertical curve ti bẹ̀rẹ̀) 45+00 àti ìgùn ẹsẹ̀ bàtà 600, á wá kọ PVT (ibi tó parí sí) sí 645+00 dípò 51+00.

Ìkejì ni degree of curve, tó ń sọ bí ìkọ́rọ́ títì ṣe le tó. Rédíọ̀sì ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wa nílé, àmọ́ àwọn ará ibí lè ní "títì onídígírì mẹ́rin". 5,729.58 ni ẹ óò pín fún dígírì náà: mẹ́rin á fún yín ní rédíọ̀sì ẹsẹ̀ bàtà 1,432.4. Dígírì tó bá ga, ìkọ́rọ́ títì náà le ni, kì í ṣe pé ó fẹjú.

Ti omi òjò ló ń pa èèyàn jù, torí fọ́múlà kan náà ni. Q = CiA: Q ni omi tó ń ṣàn, C ni ìdá òjò tó ń ṣàn lójú ilẹ̀, i ni bí òjò ṣe le tó, A ni fífẹ̀ ilẹ̀. Nílé, mílímítà ní wákàtí kan àti hẹ́kítà ni, ẹ óò sì pín in fún 360. Níhìn-ín, ínǹṣì ní wákàtí kan àti éékà ni, kò sí ohun tí ẹ óò pín rárá: C 0.8, òjò ínǹṣì 4, ilẹ̀ éékà 5, cubic feet 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó parí. Ẹni tí 360 ti mọ́ lọ́wọ́ á pín in láìronú. Ti Manning náà, fọ́múlà ìṣàn omi nínú gọ́tà, 1 nílé, 1.49 níhìn-ín. Ẹ máa yẹ ìwájú fọ́múlà wò nínú handbook nígbà gbogbo, kẹ́ ẹ tó fi nọ́ńbà sí i.

Ó ṣáà dáa pé láti 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún. Àwọn tó ń ti Lọndọnu bọ̀ tún ní láti yí ojú padà lórí left turn àti bí iná ojú pópó ṣe ń yí.

BàbáTítì

Jagun ti sọ ọ́ tán. Ó ku ọ̀rọ̀ ọjọ́, torí òun ló máa sọ ìgbà tó yẹ kó o sanwó.

Rí i dájú pé bọ́ọ̀dù ìpínlẹ̀ rẹ ti gbà kó o ṣe ìdánwò kó o tó ra nǹkankan. Texas gba ẹni tó ti yege FE láyè láti ṣe PE kí ọdún ìrírí rẹ̀ tó pé. Àmọ́ oyè tó wá láti òkè òkun lè nílò kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn sì ń gba àkókò. Tó o bá ra oṣù mẹ́ta kọ́ọ̀sì nígbà tí fáìlì rẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, owó ń jó lọ nìyẹn. California yàtọ̀ pátápátá: civil tibẹ̀ tún máa ṣe ìdánwò méjì mìíràn, ti ìmìtìtì ilẹ̀ àti ti ìwọ̀nlẹ̀.

Gbogbo ọdún ni wọ́n ń ṣe é ní ilé ìdánwò Pearson VUE. Ẹ̀ẹ̀kan péré lo lè ṣe é láàárín ìdámẹ́rin ọdún, January sí March, April sí June, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín oṣù méjìlá. Mú ọjọ́ kan sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn kíláàsì tó kẹ́yìn. Tó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, traffic á ti kọ́kọ́ fò lọ.

Ohun tí kọ́ọ̀sì tó dáa gbọ́dọ̀ fún ọ ṣe, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, ni ìdánwò wákàtí mẹ́jọ gbáko lójú kọ̀ǹpútà. Ìdánwò náà pín sí méjì. Tó o bá ti fi apá kìn-ín-ní sílẹ̀ tó o lọ sinmi, o ò ní lè padà sí i. Wákàtí mẹ́jọ náà sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo fún apá méjèèjì: tó o bá fi márùn-ún ṣe àkọ́kọ́, mẹ́ta ló kù. Ìsinmi ìṣẹ́jú 50 kò sí lára ẹ̀, má fi í sílẹ̀ láìlò. Àwọn ìwé bíi Green Book, orí kọ̀ọ̀kan lo máa ń ṣí, orí tó o bá ṣí nìkan ni ìwákiri sì ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀. Torí náà, ó yẹ kó o ti mọ orí tí nǹkan wà kó o tó wá a. Fídíò kò lè kọ́ ọ ní ìyẹn, àfi kó o máa ṣe é.

Ẹ̀rọ ìṣirò: Casio fx-115 tàbí fx-991, TI-30X tàbí TI-36X, HP 33s tàbí 35s. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Ra méjì irú kan náà, kó o sì fi ọ̀kan ṣe gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ.

Èsì sábà máa ń jáde láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Tí kò bá bọ́ sí i, wọ́n á fún ọ ní ìwé tó fi bó o ṣe ṣe sí ní apá kọ̀ọ̀kan hàn. Ìwé yẹn ni kó o fi ra kọ́ọ̀sì kejì, apá tó o ti kùnà nìkan.

Ìyá_Ìbejì_PE

Kí n tó gbàgbé, ti ọ̀gá yín tó ní òun á dá owó padà. Ẹ gbà á lẹ́nu ẹ̀ ní kíkọ, lórí ímeèlì, ohun tó wà nínú ẹ̀: ṣé kọ́ọ̀sì nìkan ni, àbí $400 ti NCEES àti owó bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀? Ṣé ó di dandan kí ẹ yege nígbà àkọ́kọ́? Títí dìgbà wo ni ẹ gbọ́dọ̀ fi wà níbi iṣẹ́ náà lẹ́yìn tó bá sanwó tán? Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní kí èèyàn dá owó yẹn padà tó bá kúrò kí ọdún kan tó pé. Tí ẹ bá sì mú ti oṣooṣù, rìsíìtì oṣù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà, kí orúkọ yín àti orúkọ kọ́ọ̀sì hàn lórí ẹ̀. Ìwé báǹkì tó kàn fi hàn pé owó jáde kì í tó fún àwọn akáúǹtì.